Ọ̀kẹ́ Mẹ́ta Ó Lé: Ìtàn Nọ́ńbà 65,536 láti Ojú Ọpọ́n Ifá

Lọ́dọọdún tí a bá ń ṣe ọdún Ifá, ìbéèrè kan kì í wọ́n lẹ́nu àwọn àlejò: odù Ifá mélòó ni ó wà? Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ojú odù jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ọmọ odù, tí a tún ń pè ní àmúlù, jẹ́ òjìlénígba. Àpapọ̀ wọn jẹ́ igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, èyíinì ni 256. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà bèèrè, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni ó ń ṣẹlẹ̀ níwájú wọn. Bí babaláwo bá da ọ̀pẹ̀lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì tún un dà lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀nà mélòó ni odù méjèèjì lè gbà yọ tẹ̀ léra?

Ìdáhùn rẹ̀ ni 65,536. Nọ́ńbà yìí tóbi, ṣùgbọ́n kì í ṣe àjèjì. Ó wà nínú ìdà méjì ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ó wà nínú iyanrìn títẹ̀ àwọn alálùfáà. Ó wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Yúróòpù. Ó sì wà nínú ẹ̀rọ tí a fi tẹ ìwé ètò ọdún yìí. A ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí a lè mọ ohun tí ó jẹ́ ti Ifá nínú rẹ̀ àti ohun tí ó jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Bí mẹ́jì ṣe di 65,536

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ó kéré jùlọ. Awẹ́ ọ̀pẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo kò lè dà ju ọ̀nà méjì lọ. Bí inú rẹ̀ bá kọjú sókè, ìlà kan ni; bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kọjú sókè, ìlà méjì ni. Bákan náà ni ti ikin. Bí babaláwo bá gbá ikin mẹ́rìndínlógún, tí méjì bá ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, yóò tẹ ìlà kan sínú ìyẹ̀rosùn. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, yóò tẹ ìlà méjì. Ìpìlẹ̀ gbogbo ìṣirò Ifá ni èyí: ọ̀kan tàbí méjì, kò sí ẹ̀kẹta.

Bí awẹ́ bá di méjì, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n lè gbà dà. Bí wọ́n bá di mẹ́rin, èyí tí í ṣe apá kan ọ̀pẹ̀lẹ̀, ọ̀nà mẹ́rìndínlógún ni. Láti inú mẹ́rìndínlógún wọ̀nyí ni orúkọ Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì, Òdí àti àwọn yòókù ti wá. Bí awẹ́ bá pé mẹ́jọ, tí apá ọ̀tún àti apá òsì pé, odù kan yọ, ọ̀nà rẹ̀ sì jẹ́ 256. Bí a bá wá to odù méjì tẹ̀ léra, ìlà wọn jẹ́ ipò mẹ́rìndínlógún, ọ̀nà wọn sì jẹ́ 65,536.

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré ni a gbé. Méjì lọ́nà méjì jẹ́ mẹ́rin. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Mẹ́rìndínlógún lọ́nà mẹ́rìndínlógún jẹ́ 256. Nọ́ńbà 256 lọ́nà 256 jẹ́ 65,536. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà náà ń fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Ìdí nìyí tí ohun kékeré bí ìlà kan tàbí méjì fi lè gba gbogbo ọ̀rọ̀ ayé mọ́ra láìpẹ́.

Kì í ṣe ìṣirò lásán ni a ń ṣe bí a bá sọ̀rọ̀ odù méjì. Nígbà tí a bá ń di ìbò láti mọ̀ bóyá ire ni tàbí ibi, ìdà méjì ni a sábà máa ń fi wé ara wọn, àgbà odù ni ó sì ń pinnu ọwọ́ tí a ó là. Ilé Ifá kọ̀ọ̀kan ní ìlànà tirẹ̀ lórí èyí, a kò sì ní bọ́ sínú rẹ̀ níhìn-ín. Ti ìṣirò nìkan ni kí a gbọ́. Bí a bá to odù 256 láti orí Èjì Ogbè títí dé èyí tí ó kéré jù, nínú 65,536 ọ̀nà tí ìdà méjì lè gbà yọ, 256 ni odù kan náà yóò ti yọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku 65,280. Ìdajì rẹ̀, èyíinì ni 32,640, ni àgbà odù ti ṣáájú. Ìdajì kejì, 32,640 bákan náà, ni àbúrò ti ṣáájú. Ọwọ́ ọ̀tún kò ju ọwọ́ òsì lọ. Nínú ètò ìbò, bí a bá wò ó láti ojú ìṣirò, kò sí ojúsàájú.

Orúkọ rẹ̀ lédè wa

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa lónìí kò lè pe nọ́ńbà yìí ní èdè Yorùbá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi pè é. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa tí wọ́n ń ka owó ẹyọ lọ́jà kò ní ṣe wàhálà rárá kí wọ́n tó pè é, nítorí inú owó ẹyọ gan-an ni òǹkà wa ti dàgbà. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá kan, èyíinì ni 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000, àpò kan tí ó kún.

Nítorí náà, 65,536 ni ọ̀kẹ́ mẹ́ta, ẹgbàajì, ẹgbèje ó lé mẹ́rìndínlógóje. Ẹ jẹ́ kí a tú u palẹ̀. Ọ̀kẹ́ mẹ́ta jẹ́ 60,000. Ẹgbàajì jẹ́ 4,000. Ẹgbèje, igba lọ́nà méje, jẹ́ 1,400. Ogóje, ogún lọ́nà méje, jẹ́ 140. Bí a bá sì yọ mẹ́rin kúrò nínú rẹ̀, ó ku 136. Ẹlòmíràn lè gba ọ̀nà ẹ̀yìn wá: ọ̀kẹ́ mẹ́ta àti ẹgbàáta, ó dín irinwó, ó dín mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ìyẹn ni 66,000, kí a yọ 400, kí a sì yọ 64. Ọ̀nà méjèèjì tọ́. Ẹni tí ó bá lè pe nọ́ńbà kan ní ọ̀nà méjì láìṣìnà ti ń ṣe ìṣirò kí ó tó mọ̀ pé ìṣirò ni òun ń ṣe. Ìsọdipúpọ̀, àròpọ̀ àti ìyọkúrò, gbogbo wọn wà nínú orúkọ kan ṣoṣo.

Àwọn àlejò tí ó ti wá sí ilẹ̀ wa ṣáájú ṣe àkíyèsí ọgbọ́n yìí. Ní 1887, Adolphus Mann, míṣọ́nnárì CMS kan tí ó ti gbé ní Ìjàyè, tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lórí òǹkà Yorùbá, ó sì fi hàn bí kíka owó ẹyọ ṣe fún òǹkà náà ní ìrísí rẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson náà fi òǹkà sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí ó parí ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ jáde títí di 1921. Àwọn tí ó ka ìwé wọ̀nyí rí i pé àwọn tí kò fi lẹ́tà kọ òǹkà wọn sílẹ̀ ń fi ẹnu ṣe ohun tí ẹlòmíràn ní láti mú gègé fún.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé bí a bá ka 65,536 ẹyọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń kà á lọ́jà, ọ̀kẹ́ mẹ́ta ni yóò kún; ẹgbàá méjì yóò tẹ̀ lé e; okùn ogójì-ogójì yóò jẹ́ méjìdínlógójì, tí í ṣe 1,520. Lẹ́yìn náà, ẹyọ díẹ̀ yóò ṣẹ́kù tí kò tó okùn kan. Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n. Ẹyọ mẹ́rìndínlógún, gẹ́gẹ́ bí iye ẹyọ tí a fi ń dá ẹ̀ẹ́rìndínlógún.

Òjìlénígba àti mẹ́rìndínlógún

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè fẹ́ pè é ní àdììtú. Ó sàn kí a wá ìdí rẹ̀, nítorí ìdí náà dára ju àdììtú lọ, inú ètò odù ni ó sì wà.

Ojú odù jẹ́ mẹ́rìndínlógún, nítorí pé apá ọ̀tún àti apá òsì bára mu. Níbi tí apá méjèèjì bá ti yàtọ̀, àmúlù ni. Orúkọ mẹ́rìndínlógún lè pàdé orúkọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù, ìyẹn sì jẹ́ òjìlénígba. Ogbè tí ó wà lápá ọ̀tún Ọ̀yẹ̀kú kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú Ọ̀yẹ̀kú tí ó wà lápá ọ̀tún Ogbè. Nítorí náà, ọgọ́fà ìpàdé ni ó wà, ìkọ̀ọ̀kan sì ní ojú méjì. Ohun tí gbogbo awo mọ̀ nìyí: mẹ́rìndínlógún lọ́nà mẹ́rìndínlógún jẹ́ òjìlénígba pẹ̀lú mẹ́rìndínlógún.

Ẹ wá wo ohun tí ó tẹ̀ lé e. Bí a bá fi òjìlénígba pín 256, àṣẹ́kù rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Bí a bá tún fi mẹ́rìndínlógún sọ 256 di púpọ̀, a ó ní 4,096. Fi òjìlénígba pín in: ọ̀nà mẹ́tàdínlógún ni, àṣẹ́kù rẹ̀ sì tún jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Fi mẹ́rìndínlógún sọ 4,096 di púpọ̀, a dé 65,536. Fi òjìlénígba pín in: ọ̀nà 273 ni, èyí tí ó fún wa ní 65,520, àṣẹ́kù rẹ̀ tún jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Bí a bá ń bá a lọ títí ayé, kò ní yí padà. Ìdí rẹ̀ ni pé àṣẹ́kù mẹ́rìndínlógún náà ni a ń fi mẹ́rìndínlógún sọ di púpọ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Yóò di òjìlénígba kan pẹ̀lú mẹ́rìndínlógún. Òjìlénígba yóò wọ inú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mẹ́rìndínlógún yóò sì dá dúró bí ó ti wà. Àti pé òjìlénígba gan-an jẹ́ okùn ẹyọ mẹ́fà tí ó pé, nítorí náà ni ẹyọ mẹ́rìndínlógún ṣe ṣẹ́kù sílẹ̀ ní ìsọ̀ olówó ẹyọ.

Ní ọ̀rọ̀ kan, bí ó ti wù kí odù tí a tò tẹ̀ léra pọ̀ tó, tí a bá kó àwọn ọ̀nà wọn jọ ní òjìlénígba-òjìlénígba, ojú odù mẹ́rìndínlógún ni yóò kù lẹ́yìn.

Ohun tí àwọn ẹlòmíràn rí

Ìlànà ìlà kan tàbí ìlà méjì kò mọ sọ́dọ̀ wa. Àwọn Fọ̀n ní Fá, àwọn Ewe ní Afa. Àwọn Lárúbáwá ní èyí tí àwọn alálùfáà wa ń pè ní iyanrìn títẹ̀. Nínú ti wọn, àwòrán mẹ́rìndínlógún ni ó wà, ìkọ̀ọ̀kan ní ipele mẹ́rin, ipele kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àmì kan tàbí méjì. Ẹni tí ó ń tẹ iyanrìn a máa kọ́kọ́ tẹ àwòrán mẹ́rin tí í ṣe ìyá, láti ara wọn ni gbogbo àwòrán yòókù ti ń jáde. Mẹ́rìndínlógún ní ìlọ́po ẹ̀ẹ̀mẹrin: 65,536 ni gbogbo ìwé iyanrìn tí ó lè wà, iye kan náà pẹ̀lú ti odù méjì tí ó tẹ̀ léra. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, Hugo ará Santalla túmọ̀ ìmọ̀ yìí láti èdè Lárúbáwá sí èdè Látìn ní ilẹ̀ Sípéènì, ó sì tàn káàkiri Yúróòpù.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò Yúróòpù gba ọ̀nà tiwọn dé ìdí nọ́ńbà yìí. Ní 1588, Pietro Cataldi ará Ítálì fi hàn pé 131,071 kò ṣe é pín, àfi pẹ̀lú ọ̀kan àti ara rẹ̀. Bí ẹ bá ko gbogbo nọ́ńbà tí ó lè pín 65,536 láìsí àṣẹ́kù jọ, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 131,071 gan-an. Ó dín ọ̀kan ṣoṣo kí ó tó ìlọ́po méjì 65,536.

Ní 1640, Pierre de Fermat ará Faransé gbé aládùúgbò rẹ̀ yẹ̀ wò. Ó mú 2, 4, 16, 256 àti 65,536, àwọn tí a ti bá pàdé nínú ọ̀pẹ̀lẹ̀, ó fi ọ̀kan kún ìkọ̀ọ̀kan, ó rí 3, 5, 17, 257 àti 65,537. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ṣe é pín. Ó wá gbà gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí lọ títí. Ní 1732, Leonhard Euler fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀: èyí tí ó tẹ̀ lé e, 4,294,967,297, jẹ́ 641 lọ́nà 6,700,417. Láti ìgbà náà wá, kò tíì sí ẹni tí ó rí òmíràn tí kò ṣe é pín nínú ọ̀wọ́ náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ 65,536 ni ọ̀nà ti dópin fún wọn.

Carl Friedrich Gauss ará Jámánì, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, fi hàn ní 1796 pé a lè fi rúlà àti kọ́ńpáàsì nìkan ya àwòrán onígun mẹ́tàdínlógún tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Ìdí tí ó fi ṣeé ṣe ni pé mẹ́tàdínlógún jẹ́ mẹ́rìndínlógún ó lé kan. Nípa ìdí kan náà, ó ṣeé ṣe láti ya onígun 65,537. Johann Gustav Hermes lo ọdún tí ó ju mẹ́wàá lọ lórí ìyẹn, ó sì parí rẹ̀ ní 1894; ìwé rẹ̀ wà ní Göttingen.

Ìwà mìíràn tún wà tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Nínú 65,536, ẹ kò ní rí 1, ẹ kò ní rí 2, ẹ kò ní rí 4, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò ní rí 8. Nínú gbogbo nọ́ńbà tí a fi ìlọ́po méjì bí, títí dé àwọn tí ó gùn lọ bí ìwé odindi tí àwọn onímọ̀ ti fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò, òun nìkan ni a rí tí kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́rin yìí. Méjì ni ó bí i, ṣùgbọ́n kò jọ baba rẹ̀ lójú.

Nínú kọ̀ǹpútà

Ní 1703, Gottfried Leibniz ará Jámánì tẹ àlàyé kan jáde ní Paris lórí òǹkà tí ó ní kìkì 0 àti 1. Lórí òǹkà náà ni kọ̀ǹpútà òde òní dúró. Ẹ̀rọ tí ó ní ipò mẹ́rìndínlógún, tí ipò kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 0 tàbí 1, lè ka 65,536 ohun, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kékeré ọdún 1970 sí 1989 kò ṣe lè dá ju àyè ìrántí 65,536 mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí a gbé Unicode kalẹ̀ ní 1991, kí gbogbo èdè ayé lè ní àyè nínú kọ̀ǹpútà, 65,536 ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé yóò tó fún gbogbo lẹ́tà. Kò tó. Ní 1996 wọ́n fẹ ilé náà lójú, ó sì di ìlọ́po mẹ́tàdínlógún. Àwa Yorùbá rí àyè fún ẹ, ọ àti ṣ, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ilé ńlá yìí, lẹ́tà ẹ tí ó ru àmì ohùn òkè kò ní yàrá tirẹ̀. Nọ́ńbà méjì ni a ní láti so pọ̀ kí ó tó jáde: ọ̀kan fún ẹ, ọ̀kan fún àmì. Bí ẹ bá rí ìwé Yorùbá tí àmì rẹ̀ ti ṣí kúrò lórí lẹ́tà, ọ̀kan nínú ohun tí ó máa ń fà á nìyẹn.

Ohun tí ó jẹ́ tiwa

A máa ń gbọ́ ọ lónìí, pàápàá ní àkókò ọdún, pé Ifá ni ó bí kọ̀ǹpútà, tàbí pé ọwọ́ awo ni Leibniz ti gba ọgbọ́n rẹ̀. Ìfẹ́ ni ó ń mú ènìyàn sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a kọ sílẹ̀ ni pé Leibniz dárúkọ Fu Xi ti ilẹ̀ Ṣáínà nínú ìwé 1703 náà. Kò dárúkọ Ifá. Àwọn onímọ̀ kan, bíi Ron Eglash nínú ìwé rẹ̀ ti 1999, gbà pé ó ṣeé ṣe kí ìmọ̀ iyanrìn títẹ̀ láti Áfíríkà ti ní ipa lórí èrò Yúróòpù. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a lè máa wádìí, kì í ṣe ohun tí a lè fi búra. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Bí àlejò tí ó mọ̀wé bá sì ká irọ́ kékeré mọ́ wa lẹ́nu, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì sí òtítọ́ ńlá tí ó wà lọ́wọ́ wa.

Òtítọ́ ńlá náà kò sì nílò ọ̀ṣọ́. Láìsí gègé, àwọn baba wa to 256 odù láìfo ọ̀kan, láìtún ọ̀kan kà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fún ìkọ̀ọ̀kan ní orúkọ, wọ́n tò wọ́n ní àgbà sí àbúrò, wọ́n sì so ẹsẹ mọ́ wọn. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti to 256 ohun nínú orí rẹ̀ láìsí ìwé yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Ètò náà la òkun kọjá, ó dé Kúbà, ó dé Brasil, iye rẹ̀ kò sì yingin. Ní 2005, UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ìṣúra ìran ènìyàn. Ní 2008, a kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ àjogúnbá náà.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ sún mọ́ ilé ju Jámánì lọ. Òǹkà tí ó bí ẹgbàá àti ọ̀kẹ́ ń kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ. Ọmọ awo lè mọ Èjì Ogbè dé Òfún Méjì, kí ó má lè ka ọgọ́rùn-ún dé igba lédè baba rẹ̀. Bí ẹgbèje àti ogóje bá di àjèjì sí i, iye ìrúbọ tí ẹsẹ Ifá ń dá yóò di àjèjì sí i pẹ̀lú, nítorí òǹkà owó ẹyọ náà ni ẹsẹ fi ń sọ̀rọ̀. A kò lè pa ọ̀kan mọ́, kí a jẹ́ kí èkejì ṣègbé.

Ní ọjọ́ ọdún yìí, nígbà tí ẹ bá jókòó níwájú babaláwo, tí ọ̀pẹ̀lẹ̀ bá dún lórí ẹní lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì tún dún lẹ́ẹ̀kejì, ẹ rántí pé ọ̀kan ni ẹ rí nínú ọ̀nà 65,536. Bí ọmọ kékeré bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ní kí ó pe iye náà. Bí kò bá lè pè é, ẹ kọ́ ọ: ọ̀kẹ́ mẹ́ta, ẹgbàajì, ẹgbèje ó lé mẹ́rìndínlógóje.

Àbọrú, àbọyè.